Kẹ́yìndé, Iṣẹ́ Tuntun Rẹ, àti Àbúrò Rẹ Tó Lọ Wá Igi

Ilé wa, Akpakpa,
Kùtọnú.

Kẹ́yìndé ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé orí tó ń fọ́ ọ ti sàn? Èmi wà níbí. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn mí, ìyẹn ni mo fi lè bá ọ sọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́ mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé mo bẹ ẹnìkan kó bá mi kọ ọ́. Ilé ìwé àgbà tí mo lọ lábẹ́ igi máńgòrò ní Pobè, nígbà tí mo ti bímọ tán, òun ló fún mi ní á-bí-dí. Faransé ò wọ ilé wa nígbà náà, kò sì bẹ̀ mí pé òun fẹ́ wọlé, mo fi í sílẹ̀ níta. Ṣùgbọ́n Yorùbá tí mo bá kọ, ẹni tó bá ní òun ò rí i kà, kó lọ tọ́jú ojú rẹ̀.

Mo lè pè ọ́ lórí fóònù. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè ọ́, ìwọ á máa sọ̀rọ̀, èmi náà á máa sọ̀rọ̀, kò ní sí ẹni tó ń gbọ́. Bí a ti ṣe é ní Jímọ̀ tó kọjá nìyẹn. O dìde, o gbé báàgì rẹ, o ò fẹnu kan omi tí mo gbé fún ọ. Láti ọjọ́ náà, láràárọ̀ lo ń ti Agblangandan bọ̀ lẹ́yìn ọ̀kadà onísémíjàn rẹ, o ń gba iwájú ilé mi kọjá lọ sórí afárá, o ò sì yà. O rò pé mi ò rí ọ? Mo jókòó sẹ́yìn fèrèsé. Mo ń rí báàgì pupa yẹn bó ṣe ń lọ.

Jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o má bàa ní ìyá rẹ ò gbọ́ràn.

O ní iṣẹ́ tuntun tí ìjọba fún ọ ni pé kí ìwé àwọn biró wọn, àwọn ọ́fíìsì ìjọba, máa bá ara wọn mu. Ilé ìwòsàn ń ka ọmọ tiwọn, méèrì tó ń kọ ìwé ìbí ń ka tiwọn, ilé ìwé ń ka tiwọn. Kálukú ń kó nọ́ńbà tirẹ̀ lọ fún ìjọba, nọ́ńbà wọn kì í sì í jọra. O ní wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ báyìí tí gbogbo wọn á máa fi ìròyìn wọn sí, kí ohun tí ọ̀kan bá mọ̀ lè di ohun tí gbogbo wọn mọ̀, ìwọ sì ni olórí àwọn tó ń da ìwé náà pọ̀. Inú mi dùn. Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò. Ẹni tí kò bi mí pàápàá, mo dá a dúró, mo sọ fún un.

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ lọ sílẹ̀. O ní, “Màmá, mo fi orúkọ Bàbá wá inú ẹ̀rọ náà wò, kí n fi dán an wò. Mo rí ara mi. Mo sì rí Táyé.”

Mo ní, “Táyé wo?”

O ní, “Táyé wa, Màmá. Ó wà láàyè níbẹ̀. Ó ti dàgbà bíi tèmi. Wọ́n ní ó forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwé, kò sì débẹ̀ rí. Wọ́n ní kó wá gba káàdì rẹ̀.”

O wá ní kí n bá ọ lọ sí méèrì, kí n lọ sọ fún wọn pé ó ti... O sọ ọ̀rọ̀ náà. Ìwọ Kẹ́yìndé lo dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná mi tí o sọ ọ́. Mo ní, “Jáde.” O ní, “Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá ọlọ́mọ pé kó tún ìwé ilé rẹ̀ ṣe, nígbà tí ti ilé wa rí báyìí?” Mo ní, “Mo ní kí o jáde.” O sì jáde.

Ìdáhùn mi wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yìí. Má fò lọ síbẹ̀ o. Mo mọ̀ ọ́. Bí o ṣe máa ń jẹ ẹran tán kí o tó fọwọ́ kan ẹ̀bà nìyẹn láti kékeré. Ìmọ̀ràn ni kí o kọ́kọ́ jẹ. Ẹni tó gba iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn ìyá rẹ̀, ì báà jẹ́ pé ìyá náà ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ.

Èkíní. O sọ fún mi pé ọ̀gá ìlera kan fi ìwé rẹ̀ pamọ́, kò fẹ́ gbé e sílẹ̀. O ní ọ̀gá ti méèrì ní ìwé tòun ló péye, kí àwọn tó kù lọ tún tiwọn ṣe. O wá ní o dìde ní ìpàdé, o wí fún wọn lójú ara wọn pé, “Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ẹnìkan ń purọ́.” Kẹ́yìndé! Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? O pe àgbà ọkùnrin ní òpùrọ́ níwájú àwọn tó ń sìn ín, o tún fẹ́ kó gbé ìwé rẹ̀ wá fún ọ ní ọjọ́ kejì?

O mọ Ìyá Ràmátù. Aya ilé kan náà ni èmi àti ẹ̀ ní abúlé bàbá rẹ kí ọkọ rẹ̀ tó kó wọn lọ sí Kétu. Nígbà tí èmi náà wá sí Kùtọnú níbí, a jọ bẹ̀rẹ̀ òwò àgbàdo. Òun á rà á ní Kétu, á fi kóńgò wọ̀n ọ́n sínú àpò, á fi rán mi. Èmi á tú àpò ní Akpakpa, èmi náà á fi kóńgò mi wọ̀n ọ́n fún oníbàárà. Ó dé àkókò kan tí iye kóńgò tó ní òun dì sínú àpò kì í pé mọ́ tó bá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo fi ẹnu dírẹ́bà ránṣẹ́ sí i. Obìnrin yìí kò rán dírẹ́bà padà. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ wá.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, àgbàdo mi kì í sọ̀kalẹ̀ rìn lójú ọ̀nà. Ẹnìkan ló ń jẹ ẹ́.”

Mo ní, “Èmi ni eku tó ń jẹ ẹ́?”

Ó ní, “Mi ò dárúkọ eku. Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ.”

Háà! Èmi! Níwájú àwọn oníbàárà mi! A ò kí ara wa mọ́. Àgbàdo tuntun wọlé, a ò kíra. Àwọn ènìyàn bẹ̀ mí títí, mo ní mi ò gbọ́. Ọjọ́ kan ni mo rí i tó tún sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fi aṣọ di nǹkan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́. Kóńgò rẹ̀ ni. Ó ní, “Gbé tìrẹ wá.” Mo ní kóńgò mi kì í jáde lọ jẹ́jọ́. Ó ní kò burú, ó jókòó sórí àpótí mi, ó bọ́ bàtà. Ìgbà tí mo rí i pé ó ti ń béèrè ibi tí òun á sùn ni mo gbé e jáde.

Ó bu àgbàdo kún tirẹ̀ dé ẹnu, ó dà á sínú tèmi. Kò kún! Ó ku ìka méjì kó kún. A wo ara wa. Ó ṣe bí ẹni tí kò ní rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Alágbẹ̀dẹ tó pààrọ̀ ìdí kóńgò mi nígbà tó jò ni ó fi ìdí jíjìn sí i, èmi ò sì wò ó. Ìyá Ràmátù ní, “Ìyá Ìbejì, ara rẹ lo ń jà lólè láti ọjọ́ yìí!” Mo ní kó má bú mi, kóńgò mi ló dàgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ìdí tí àwọn oníbàárà fi ń pe mí ní Ìyá Olóore.

Alágbẹ̀dẹ kan ló bá wa ṣe kóńgò méjì lọ́jọ́ kan náà lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀kan ni mo fi ń bu ìrẹsì nílé báyìí, o mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà, ọmọ mi, kí o tó bi àwọn ọ̀gá yẹn pé mélòó, bi wọ́n pé kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ta ni ilé ìwòsàn ń pè ní ọmọdé? Ẹni tí wọ́n ṣì ń fún ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ilé ìwé ńkọ́? Láyé tiwa, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gba orí kọjá tó kan etí kejì ni. Ti méèrì sì rèé, ẹni tó bá ní ìwé ìbí. Ẹni tí kò bá ní in, lójú tiwọn, kò tíì wá sáyé. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ọmọdé, ọmọdé, ohun tó wà lọ́kàn wọn ò jọra. Ẹ jọ jókòó kí ẹ ṣe kóńgò kan. Má sì ṣe é nípàdé. Lọ bá kálukú ní biró rẹ̀, kí i, béèrè ìyàwó rẹ̀, jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ da àgbàdo rẹ̀ sínú kóńgò ẹnìkejì. Tí o bá sì rí i pé kò kún, má tètè rẹ́rìn-ín. Ìyá Ràmátù lè rín mi rín, nítorí a ti jọ gún iyán rí. Ìwọ ò tíì bá wọn gún nǹkan kan.

Èkejì. Ẹni tí o bá ń gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀, fún un ní ìròyìn padà. Nígbà tí àárín èmi àti Ìyá Ràmátù ti gún, bí àpò rẹ̀ bá ti dé, mo máa ń ránṣẹ́: “Ó dé o. Funfun ń tà, pupa ń wò wá lójú. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ rin omi, so wọ́n sókè.” Bó ṣe mọ ohun tó yẹ kó rà nìyẹn, bó sì ṣe mọ̀ pé ẹnìkan ń tú àpò òun wò nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó wà lábúlé, tó ń kọ ìwé ránṣẹ́ sí Kùtọnú lóṣooṣù, tí Kùtọnú ò fún un lésì rí, kí lo rò pé á ṣe? Tó bá yá, á wo ti oṣù tó kọjá kọ, á fi ránṣẹ́. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà á ṣe bẹ́ẹ̀, má parọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n bí o bá ránṣẹ́ sí i pé, “Nítorí ohun tí o kọ, oògùn rèé,” wo bó ṣe máa kọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Má sì jẹ́ kí gbogbo yín máa bi í ní ohun kan náà. O ní ìlera á bi í, méèrì á bi í, àwọn tó ń pín oúnjẹ ọmọ á tún bi í, ìbéèrè kan náà, ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá bi èmi ní nǹkan kan lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn mẹ́ta lẹ ó gbọ́, èébú á sì wà nínú ẹ̀kẹta. Kí ẹnìkan bi í, kó sọ fún àwọn tó kù. Àbí kí ni wọ́n ra ẹ̀rọ fún?

Má gbàgbé láti jẹun lọ́sàn-án. Búrẹ́dì kì í ṣe oúnjẹ. Bí ẹnikẹ́ni ní biró yẹn bá bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́, má wo ilẹ̀. Sọ pé, “Ọmọ Ìyá Ìbejì alágbàdo ni mí, ní Akpakpa.” Bí ojú rẹ̀ bá yí padà, bi í bóyá ìyá tirẹ̀ ò jẹ àgbàdo rí.

Ó kù kan. Mi ò fún un ní nọ́ńbà, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ gan-an.

O kéré, o ò lè rántí. Ẹ ti ń sáré nínú àgbàlá bàbá bàbá yín nígbà náà, ní abúlé wa lẹ́bàá Pobè. Ọkùnrin kan ti Kùtọnú wá tó ní ìjọba ní kí òun ka ọmọ. Òógùn bò ó. Ìyá ọkọ mi jáde sí i, àwa ìyàwó dúró lẹ́yìn ògiri.

Ó ní, “Ìyá, ọmọ mélòó ló wà nínú ilé yìí?”

Ìyá ní, “Ọmọ Ọlọ́run ni wọ́n.”

“Mo gbọ́ o, Ìyá. Mélòó ni wọ́n?”

“Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ kí wọ́n pọ̀ tó.”

“Ìyá, ẹ ṣàánú mi, nọ́ńbà ni wọ́n ní kí n kọ.”

“Ìwọ ti bímọ?”

“Rárá, Ìyá.”

“Tí o bá ti bí, kọ́kọ́ wá ka tìrẹ fún mi.”

Àwa ìyàwó rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ti kó ẹ̀yin ọmọ sínú yàrá kó tó dé. Ìwọ̀nba àwọn tó rí níta ló kọ, ó lọ. Bí gbogbo agbo ilé ṣe ṣe fún un nìyẹn. Wọn ò fẹ́ ṣe ìjọba níbi. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. Ẹnu àjèjì kò gbọ́dọ̀ máa to orí ọmọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òjò ọdún náà dé, ibà mú Táyé. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lábúlé wa. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, ọmọbìnrin Fọ̀n kan ni, ó ń sọ Nàgó, Yorùbá tiwa, bí ẹni ń jẹ ìrèké. Ó ṣí àpótí oògùn hàn mí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ó ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú. Iye ọmọ tí ìwé sọ pé ó wà níbí ni wọ́n fi ń bu oògùn fún wa. Kì í tó. Ọmọ yín pọ̀ ju ìwé lọ.”

Mo bú u. Mo ní, “Ara ọmọ mi ń jó, o ń sọ ìwé fún mi!” Mo bú ìyá tó bí i. Ó sọkún, ó fún mi ní omi tútù, ó ní kí a máa sáré lọ sí Pobè. Bàbá rẹ gbé wa sórí kẹ̀kẹ́. A ò tíì rí òrùlé ìlú náà nígbà tí Táyé sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi, ó gba ọ̀nà igbó, ó lọ wá igi.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sọ ọ́, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nàgó ni o, Gun ni o, ẹ̀yà yòówù ká jẹ́, ohun tí àwọn ènìyàn tó kù ń ṣe tí à ń sunkún wọn, ìbejì kì í ṣe é. Igi ló ń lọ wá nínú igbó, ilé sì ń retí rẹ̀. Alfa, àbúrò bàbá rẹ, tó wẹ̀ ẹ́, bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó ní mùsùlùmí ni wá, kí n pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́. Mo ní mo ń kírun márùn-ún, kò sí èyí tí wọ́n ti ní kí n sọ ọ́ nínú wọn. Ó fi mí sílẹ̀.

Nígbà tí àkókò ilé ìwé tó, tíṣà wá. Ará òkè lọ́hùn-ún ni, kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Wọ́n ní ìbejì wà nílé yìí. Àwọn méjèèjì dà?” Mo ní, “Ọ̀kan nìyí. Èkejì lọ wá igi.” Ó ní, “Ẹ sọ fún un kó wá ní Mọ́ńdè.” Mo ní, “Mà á sọ fún un.” Ó kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì. O délé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, o ní tíṣà ní kí o fi àyè sílẹ̀ fún àbúrò rẹ lórí bẹ́ǹṣì, o ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó níbẹ̀ títí ẹ fi gba ìsinmi. Mo wọ ilé ìdáná. Mo gbé ojú lé èéfín.

Ṣé o rí i báyìí? Nọ́ọ̀sì kọ òótọ́ sínú ìwé tirẹ̀, pé a gbé ọmọ wá, oògùn ò sí. Tíṣà kọ òótọ́ tí mo sọ fún un. Méèrì kọ ọjọ́ tí a bí i, kò sì sẹ́ni tó padà lọ sọ nǹkan mìíràn fún wọn. Ìwé mẹ́ta, òótọ́ mẹ́ta, wọn ò sì mọ ara wọn. Ohun tí kò bá mu nínú ìwé tìrẹ yẹn, má tètè pè é ní irọ́. Lọ béèrè bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Ní Jímọ̀ yẹn, kí o tó sọ ohun tí o sọ, o ti sọ nǹkan kan tí ìbínú ò jẹ́ kí n gbé. O ní, “Màmá, nọ́ńbà tó bá wà nínú ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi ń pín oògùn àti bẹ́ǹṣì. Ibi tí a bá kọ díẹ̀ sí, díẹ̀ ni wọ́n ń fún.” Lórí àdúrà ìdájí ni ọ̀rọ̀ náà tó padà wá bá mi, mo sì jókòó sórí ẹní. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn ni. Ọmọbìnrin tí mo bú. Ohun kan náà ló sọ fún mi níwájú àpótí òfìfo, mo pè é ní ọ̀rọ̀ aṣiwèrè. Ọmọ tí Ọlọ́run fi sílẹ̀ fún mi ló tún wá sọ ọ́ létí mi, mo sì lé òun náà jáde.

Ó wá yé mi ohun tí wọ́n fún ọ ṣe. Mo ti rò pé iṣẹ́ jíjókòó nínú afẹ́fẹ́ tútù ni. Àṣé àpótí oògùn yẹn ni wọ́n ní kí o lọ kún. Ìyàwó kan wà níbì kan báyìí, ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ara ọmọ ń jó. Bí ìwé tó wà lọ́wọ́ yín bá mọ̀ pé ọmọ náà wà, yóò bá oògùn níbẹ̀. Mo gbà pé yóò bá a. Mo bí ọ, mo mọ agídí tó wà lára rẹ, ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un.

Ìdáhùn mi rèé.

Mo lọ sí méèrì lọ́jọ́ Túsìdeè, èmi nìkan. Ọmọkùnrin Gun kan ló jókòó síbẹ̀, ó ń kọ̀wé, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ìyá, kí lẹ fẹ́?”

Mo ní, “Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ni mo bá wá.”

“Ó ti kú ni?”

“Ta ló kú? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn nílé yín nìyẹn?”

Ó gbójú sókè. Mo ní, “Ìbejì ni. Ó lọ wá igi.”

Kẹ́yìndé, ọmọ náà gbé bíìkì tó fi ń kọ̀wé sílẹ̀. Ó dìde, ó fà mí ní àga. Ó wá rọra ní, “Ó ti pẹ́, Ìyá?”

Mo ní, “Igi tó ti ṣẹ́ á ti kọ́ ilé.”

Ó ní, “Ìyá mi náà ní ọ̀kan nínú igbó. Èmi ni mo dúró sílé.”

Ó wá ṣàlàyé fún mi pé nítorí ó ti pẹ́, bíìkì òun nìkan ò tó. Ẹni méjì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gbọ́dọ̀ wá, a ó lọ síwájú adájọ́, kí òun tó lè kọ ọ́. Mo ní mi ò ní fi ẹnu mi sọ ọ̀rọ̀ yẹn níwájú adájọ́ kankan. Ó ní, “Ẹnikẹ́ni ò ní ní kí ẹ sọ ọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí á sọ ti ìwé. Ẹ̀yin, ẹ sọ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nílé.”

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni kí o wá fún iṣẹ́ rẹ, ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kó gbé bíìkì sílẹ̀. Kọ́ àwọn tó ti ibòmíràn wá pé, ní ilẹ̀ wa, bí ìyá ìbejì bá sọ pé ọ̀kan lọ wá igi, kí wọ́n má kọ méjì, kí wọ́n má sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n kọ ohun tó yẹ, jẹ́ẹ́jẹ́, kí wọ́n kí i. Fi ìyẹn sínú ìwé tí o fi ń kọ́ wọn. Bí ọ̀gá rẹ bá ní kí ni ìyẹn, sọ pé ìyá rẹ ló ní kí o kọ ọ́.

Alfa ti gbà láti wá. Ó ní òun ti ń dúró de ọjọ́ yìí láti ìgbà tí irùngbọ̀n òun ti dúdú. Ìyá Ràmátù, tí òun náà wà nílé lọ́jọ́ náà, ń bọ̀ láti Kétu lọ́jọ́bọ̀. Jímọ̀ la ó lọ, láàárọ̀. Gba àyè níbi iṣẹ́. Bí sémíjàn rẹ bá dé iwájú ilé mi, sọ̀kalẹ̀, wọlé, kí o mu omi rẹ. Mo ṣì bo ife náà sílẹ̀ fún ọ, mo kàn ń pààrọ̀ omi inú rẹ̀ ni.

Ìwọ ni mo fẹ́ kó dá adájọ́ lóhùn nígbà tó bá béèrè orúkọ rẹ̀. Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Ìwọ lo rán an ṣíwájú pé kó lọ wo bí ayé ṣe rí wá fún ọ. Ó lọ wò ó, ó ké, o gbọ́, o tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó yẹ kó pe orúkọ rẹ̀ níbẹ̀ jù ọ́ lọ.

Tí a bá dé láti ọ̀dọ̀ adájọ́, mo máa se ẹ̀wà, mo máa ta epo sí i kó pọ́n dáadáa. Abọ́ méjì ni mo máa bù ú sí, bí mo ti ń ṣe láti ìgbà tí mo ti bí yín. Ìjọba á ti gba orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó yẹ kó wá gba káàdì, mo gbà, kó lè jẹ́ pé nọ́ńbà àwọn tó wà nílé ló kù, kí oògùn wọn lè tó. Ṣùgbọ́n ti ilé ìdáná mi, má fi ròyìn fún ẹ̀rọ kankan.

Ọlọ́run á fi ọwọ́ rẹ ṣe rere. Dé gèlè aláwọ̀ aró yẹn wá, ó yẹ ọ́.

Èmi ni ìyá yín méjèèjì,

Ìyá Ìbejì.